Bráúsà Tuntun, Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́

Bí bráúsà tuntun bá jáde, ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn apá tó ń ka ojú-ìwé ìkànnì tó sì ń gbé e hàn, ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí. Orí Chromium, ìyẹn kóòdù gbangba tí Google fi ń ṣe Chrome, bráúsà tirẹ̀, ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn lé. Tó bá jẹ́ Chromium oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n mú, ihò ààbò tí wọ́n ti dí látìgbà náà ṣì lè ṣí sílẹ̀ gbayawu nínú tiwọn, àfi tí wọ́n bá fúnra wọn dí i. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù ju ihò tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ lọ, torí pé gbangba ni kóòdù àtúnṣe náà wà: ọ̀daràn á kà á, á rí ibi tí wọ́n lẹ̀, á sì mọ ibi tó ti ń jò.

Chrome gan-an kò yọ nínú rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, WebKit, ẹ́ńjìnnì tí Apple ń lò, tó ti pẹ́ díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Kíá ni ihò tí Apple ti dí nínú Safari 3.1.2, bráúsà tirẹ̀, yọjú níbẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ìkànnì gbé fáìlì sínú kọ̀ǹpútà láìgba àṣẹ. Òmíràn jẹ́ ti Chrome fúnra rẹ̀: bí àkọlé ojú-ìwé kan bá gùn kọjá ààlà, tí èèyàn sì ní kí bráúsà tọ́jú ojú-ìwé náà pamọ́, àkọlé yẹn á kún àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un nínú mẹ́mórì, á sì ya wọ àyè tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè gba ibẹ̀ mú kóòdù tirẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà 0.2.149.29 ni wọ́n fi tún un ṣe.

Irú àṣìṣe mẹ́mórì yìí kò tíì tán. Ní 2020, àwọn tó ń ṣe Chromium sọ pé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àléébù ààbò tó le ló ń ti ibẹ̀ wá. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, ihò kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ CVE-2023-4863 fi hàn pé àwòrán lásán, irú èyí tí wọ́n ń pè ní WebP, ti tó fún ọ̀daràn láti gba irú àṣìṣe yìí wọlé: libwebp, kóòdù tó ń tú àwòrán náà, ni Chrome àti Firefox, bráúsà mìíràn, jọ ń lò. Chrome 116.0.5845.187 àti Firefox 117.0.1 ló dí i.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ tẹ chrome://version sí ibi àdírẹ́sì. Ọ̀pọ̀ bráúsà orí Chromium ló ń gbà á. Ẹ wá nọ́ńbà Chromium níbẹ̀, kí ẹ fi wé ti Chrome tó wà lóde lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi user agent, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí bráúsà fi ń sọ ara rẹ̀ fún ìkànnì, mọ̀ ọ́n o, torí láti Chrome 101, òdo ni nọ́ńbà mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà níbẹ̀. Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti Chromium yín bá fi méjì rẹ̀yìn sí ti Chrome, ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé báńkì yín sínú bráúsà náà rárá.

Bí bráúsà bá ti dáńlóòdù àtúnṣe, tí ẹ kò tì í kí ẹ tún un ṣí, èyí tó ní ihò lẹ ṣì ń lò. Ti iPhone yàtọ̀: ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, WebKit Apple ni gbogbo bráúsà orí rẹ̀ ń lò, torí náà iOS, ìyẹn sọ́fítíwia iPhone fúnra rẹ̀, ni kí ẹ ṣàtúnṣe, àtúnṣe áàpù nìkan kò dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì.