Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó tẹ líǹkì

Ẹni tó ń fi líǹkì ọjà ránṣẹ́ sí èèyàn, tó sì ń gba kọmíṣọ̀n lórí rẹ̀, alágbàtà ni. Iṣẹ́ alágbàtà kò lábùkù. Alágbàtà iṣu wà ní Ọjà Ọba l'Adó, gbogbo ẹni tó wá nájà ló sì mọ̀ pé owó tiẹ̀ wà lórí iṣu yẹn. Lórí fóònù, oníbàárà kì í rí i, àfi kí alágbàtà fúnra rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ wo líǹkì kan dáadáa. Lẹ́yìn orúkọ ọjà, àmì ìbéèrè á wà níbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ “tag=” tàbí “ref=” pẹ̀lú orúkọ tàbí nọ́ńbà. Òun ni ilé ìtajà fi ń dá alágbàtà mọ̀. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi kúkì, ìyẹn àmì kékeré tí ilé ìtajà fi ń rántí líǹkì tó gbé e wá, sórí fóònù rẹ̀. Ní Amazon, tó bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní 1996, wákàtí 24 ni kúkì náà ń lò. Ohun mìíràn tí onítọ̀hún bá rà láàárín àkókò yẹn lè mú owó wá fún alágbàtà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò júwe rẹ̀.

Iye tí oníbàárà ń san kì í sábà yàtọ̀, ìyẹn ni àwọn kan fi ń sọ pé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Irọ́ ni. Ìmọ̀ràn gan-an ni owó náà máa ń tẹ̀. Ká ní ìyá kan ní Ìkẹ́rẹ́ ń wá ẹ̀rọ ìgúnyán. Èyí tó lágbára jẹ́ ₦90,000, kọmíṣọ̀n rẹ̀ ìdá 5 nínú 100, ìyẹn ₦4,500. Èkejì jẹ́ ₦60,000, abẹ rẹ̀ fẹ́lẹ́, mọ́tò rẹ̀ ń tètè gbóná, iyán á sì ní kókó. Ṣùgbọ́n ìdá 11 ni wọ́n ń san, ₦6,600. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọwọ́ á fẹ́ lọ. Ẹ yan ọjà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó wo kọmíṣọ̀n rárá. Bí èyí tó dára jù kò bá ní kọmíṣọ̀n, ẹ fi líǹkì lásán sí i.

FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, fẹ́ kí àlàyé pé ẹ ń gba owó lórí ọjà náà hàn gbangba nítòsí líǹkì. Ní Nàìjíríà níbí, FCCPA, òfin 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà, kò fàyè gba ọ̀rọ̀ tó ń ṣi oníbàárà lọ́nà. Ẹ má lọ fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ kọ ọ́ sókè líǹkì, ní Yorùbá tí ìyá yẹn gbọ́: “Bí ẹ bá fi líǹkì yìí rà á, ilé ìtajà á fún mi ní owó díẹ̀. Iye tí ẹ ó san kò yí padà.” Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kejì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Lórí WhatsApp, inú ìfiránṣẹ́ kan náà ni kí àlàyé àti líǹkì wà. Bí ẹ bá pín in sí méjì, líǹkì nìkan ni wọ́n á gbé lọ sí gúrúùpù ìjọ àti ti ẹbí. Ẹni tó ní wẹ́ẹ̀bù tirẹ̀, kó fi rel="sponsored", àmì inú kóòdù tó ń sọ pé owó wà lórí líǹkì náà, sára líǹkì; láti 2019 ni Google ti ń gbà á. Ẹ máa padà tẹ àwọn líǹkì àtijọ́ wò, torí ọjà máa ń tán, ojú ewé náà á sì gbé èèyàn lọ síbòmíràn.

Kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn kan ń san ìdajì owó fún alágbàtà, ìdí nìyẹn tí àwọn tí kò kọ́ ọ rí fi ń yìn ín fún ọmọ yunifásítì tó ń ṣọ́wó jẹ. Ẹ má júwe èyí tí ẹ kò kọ́ parí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè iye tí ẹ máa rí níbẹ̀, ẹ sọ iye rẹ̀ gan-an fún un.