"Èwo nínú wọn?": ohun tí ìwádìí lórí àwọn ogúnléndé Palẹ́sítínì kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi, mẹ́ta nínú yín ló ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lóṣù yìí pé ọ̀rọ̀ àwọn ogúnléndé Palẹ́sítínì lẹ fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá yín. Inú mi dùn, àyà mi sì já díẹ̀, torí mo rántí orí kìíní tí èmi náà kọ ní 2018. Ojú ewé méjìlá ni, mo sì rò pé mo ti dá bírà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fi bírò pupa dá a padà. Níbi gbogbo tí mo ti kọ "àwọn ogúnléndé kò láyè láti ṣiṣẹ́", "àwọn ogúnléndé kò ní páàsìpọ́ọ̀tù", "àwọn ogúnléndé fẹ́ padà sílé", ohun kan náà ló kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Èwo nínú wọn?" Mo kà á, ìgbà mọ́kàndínlógún ni. Inú bí mi. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà.

Ohun tí gbogbo wọn jọ ní kò gùn. Ní 1948, nígbà ogun tó bí orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, nǹkan bí 700,000 Palẹ́sítínì ló fi ilé sílẹ̀. Wọ́n lé àwọn kan jáde, ìró ìbọn lé àwọn mìíràn, abúlé tó lé ní 400 sì ṣófo. Nakba, ìyẹn àjálù ńlá, ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìpinnu 194: ẹni tó bá fẹ́ padà sílé rẹ̀ láti bá aládùúgbò gbé ní àlàáfíà, kó padà, ẹni tí kò bá fẹ́, kí wọ́n sanwó ohun ìní rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ọdún kan ni wọ́n dá UNRWA sílẹ̀, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan tó ń ran àwọn ogúnléndé Palẹ́sítínì lọ́wọ́, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1950. Iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n pè é. Títí di òní, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun, bí ayálégbé tó ń san owó ilé. Orúkọ tó wà nínú ìwé rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ pé mílíọ̀nù mẹ́fà.

Ibi tí ọ̀nà ti yà ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sá gba Jọ́dánì lọ di ọmọ Jọ́dánì. Wọ́n ní páàsìpọ́ọ̀tù, wọ́n ń dìbò, wọ́n ń ra ilé, síbẹ̀ orúkọ wọn ṣì wà lọ́dọ̀ UNRWA. Wọ́n ju mílíọ̀nù méjì lọ. Àmọ́ ẹni tó bá ti Gásà dé Jọ́dánì lẹ́yìn ogun 1967 kò rí ìwé ọmọ ìlú gbà ní tirẹ̀. Ẹ lọ wádìí àgọ́ Jerash, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní àgọ́ Gásà, ẹ ó rí i pé nínú orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, ogúnléndé ju ogúnléndé lọ. Ẹni tó gba Síríà lọ kò di ọmọ Síríà, ṣùgbọ́n òfin 260 ti 1956 fún un láyè láti ṣiṣẹ́, láti kàwé, láti ṣòwò bí ọmọ onílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Yarmouk, lẹ́bàá Damascus, olú-ìlú Síríà, fi di ìgboro tó kún fún ọjà, tí nǹkan bí 160,000 Palẹ́sítínì ń gbé kí ogun Síríà tó bẹ́ sílẹ̀. Ìjọba sé e mọ́ ní 2013, ebi pa èèyàn kú nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ISIS wọ̀ ọ́ ní 2015. Nígbà tí ìjọba fi máa gbà á padà ní 2018, àlàpà ló kù. Ẹni tí bàbá rẹ̀ sá kúrò ní Haifa tún sá kúrò ní Damascus.

Ẹni tó bá wá kọrí sí Lẹ́bánónì ti kó sí ibi tó le jù. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò, iṣẹ́ dókítà, iṣẹ́ ẹnjiníà, gbogbo iṣẹ́ tó bá ní ẹgbẹ́ tí èèyàn ní láti wọ̀ kó tó ṣe é, ilẹ̀kùn wọn tì. Láti 2001 sì ni òfin ti sọ pé ẹni tí kò bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tí Lẹ́bánónì mọ̀ kò lè ra ilé tàbí ilẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ni pé ogun ló lé àwọn babańlá tèmi náà dé. Ní 1830 wọ́n dé abẹ́ Olúmọ, wọn ò padà sí igbó Ẹ̀gbá mọ́, wọ́n sì di ìlú ńlá. Kí ló dé tí àwọn Palẹ́sítínì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sínú orí kìíní yẹn, mo rò pé ọgbọ́n ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi, tí kò mọ Olúmọ rí, kàn kọ ọ́ sétí ìwé pé: "Ta ló ń ṣàkóso ibi tí wọ́n dé?" Mo jókòó sílẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá dé ibi tí wọ́n ti lè pín ilẹ̀ fún ara wọn, kí wọ́n mọ odi, kí wọ́n fi olóyè tiwọn jẹ. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà Olúmọ tó ń sọ pé ilé tí ẹ kọ́ kò gbọdọ̀ wà lórúkọ yín.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, mo lọ sí Beirut, olú-ìlú Lẹ́bánónì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní 1949 ni wọ́n tẹ àgọ́ Shatila dó níbẹ̀. Àgọ́ aṣọ ni nígbà náà, aṣọ di símẹ́ǹtì, símẹ́ǹtì di alájà mẹ́rin, alájà márùn-ún, torí ilẹ̀ àgọ́ kì í fẹ̀ sí i bí ọmọ ti ń pọ̀ sí i. Ọ̀nà inú rẹ̀ há débi pé èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú mi rìn kò lè rìn ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́. Lókè orí wa, wáyà iná lọ́ mọ́ ọ̀pá omi bí ìtàkùn, omi sì ń kán tó-tó-tó sórí wáyà. Mo fẹ́ fọwọ́ ti ògiri, ó fà mí lápá. Iná máa ń pa èèyàn níbẹ̀. Nínú ilé wọn, mo bu omi ẹ̀rọ yọ ẹnu: iyọ̀ ni. Omi mímu, rírà ni wọ́n ń rà á. Kì í sì í ṣe Palẹ́sítínì nìkan ló wà níbẹ̀ o. Àwọn ará Síríà, àwọn òṣìṣẹ́ láti Bangladesh àti Ethiopia náà ń háyà yàrá níbẹ̀ torí owó rẹ̀ ò wọ́n.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ìkọ́lé ní yunifásítì. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi àwòrán ilé alájà mẹ́jọ kan hàn mí. Òun ló yà á, òun ló ṣírò irin àti kọnkéré rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka òpó kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ń fọwọ́ sí: orúkọ ẹlòmíràn ni. Ó ní, "Ilé tí mo ti yà nílùú yìí lé ní ogún. Kò sí ọ̀kan tó mọ̀ mí."

Ibẹ̀ náà ni mo ti ṣàṣìṣe tí mi ò fẹ́ kí ẹ ṣe. Ìyá rẹ̀ àgbà jókòó tì wá, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo bi í pé, "Màmá, bí Lẹ́bánónì bá fún yín ní páàsìpọ́ọ̀tù lọ́la, ṣé ẹ máa gbà á?" Màmá sọ gbólóhùn kan, ó gbé àwo ẹ̀wà rẹ̀, ó wọlé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò túmọ̀ rẹ̀ fún mi àfi ìgbà tí a dé ìta. Ohun tí màmá sọ ni pé, "Ta ló rán an wá?"

Ọ̀rọ̀ kan ni mi ò mọ̀ kí n tó bèèrè: tawtin. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n fìdí èèyàn kalẹ̀ síbi tó sá dé, kí ọ̀rọ̀ àtipadà sì parí síbẹ̀. Àwọn ogúnléndé ń bẹ̀rù rẹ̀ nítorí ilé tí wọ́n fi sílẹ̀. Lẹ́bánónì náà ń bẹ̀rù rẹ̀, ó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn pé kò sí tawtin, ṣùgbọ́n ìdí tiwọn yàtọ̀: ẹ̀sìn ni wọ́n fi ń pín ipò ìjọba níbẹ̀, Mùsùlùmí Sunni ló pọ̀ jù nínú àwọn Palẹ́sítínì, òṣùwọ̀n yóò sì yí. Ọ̀rọ̀ kan, ìbẹ̀rù méjì. Ìjọba Amẹ́ríkà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ní òpin oṣù Kẹjọ ọdún yẹn pé àwọn ò ní fún UNRWA lówó mọ́. Àjèjì kan wá wọlé, ó ń bèèrè bóyá wọ́n máa gba páàsìpọ́ọ̀tù. Èmi náà ì bá bèèrè ẹni tó rán an wá. Nínú ìbéèrè tí ẹ bá ń tò, ẹ ya bí wọ́n ṣe ń gbé sọ́tọ̀ kúrò lára ibi tí wọ́n máa padà sí. Jọ́dánì ti fi hàn pé páàsìpọ́ọ̀tù kò pa orúkọ rẹ́ nínú ìwé.

Ní ti iye, ẹ ṣọ́ra. Orúkọ tó wà lọ́wọ́ UNRWA fún Lẹ́bánónì ti sún mọ́ 500,000. Ìjọba ka wọn ní 2017 nínú àwọn àgọ́ àti àdúgbò tí wọ́n kóra jọ sí, 174,422 ni wọ́n rí. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ń parọ́. Irọ́ kọ́. Ẹni tó ti lọ sí Jámánì látọjọ́ pípẹ́, orúkọ rẹ̀ ṣì lè wà nínú ìwé UNRWA. Ẹni tí wọ́n bá bá nílé ni ìkànìyàn ń kà. Bí ẹ bá rí òǹkọ̀wé tó mú ọ̀kan tó fi èkejì pamọ́, ẹ wo ibi tó ń lọ.

Ẹ ó tún pàdé àwọn tó ń bèèrè pé kí ló dé tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ fi ń jogún orúkọ ogúnléndé, tí wọ́n ní UNRWA ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán. Ẹ má fi ìbínú dá wọn lóhùn. UNHCR, tó ń bójú tó ogúnléndé yòókù láyé, náà ń ka ọmọ tí wọ́n bí sẹ́yìn odi mọ́ òbí rẹ̀; àwọn ará Afghanistan ti bí ọmọ-ọmọ sí Pakistan. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni pé UNHCR lè wá ìlú mìíràn fún èèyàn. Ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ìrànwọ́ oúnjẹ ni iṣẹ́ UNRWA, kò ní àṣẹ láti wá ojútùú. Ìgbìmọ̀ tí ìpinnu 194 gbé kalẹ̀ fún ojútùú wà lórí ìwé títí di òní, ó ti pẹ́ tó ti dákẹ́. Ẹ ka ti Ísírẹ́lì náà láti ẹnu àwọn fúnra wọn: ìbẹ̀rù pé bí mílíọ̀nù èèyàn bá padà, Júù kò ní pọ̀ jù mọ́ ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo tí wọ́n pè ní tiwọn, àti àwọn Júù tó fi Iraq, Yemen àti Íjíbítì sílẹ̀ tí wọ́n pàdánù ohun ìní wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ ka òfin 1950 tó gba ilé àti ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Palẹ́sítínì tó sá lọ. Ẹ gbé méjèèjì sórí tábìlì kan náà.

Gásà lẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀, torí òun lẹ̀ ń rí lórí fóònù. Nǹkan bí 7 nínú 10 àwọn ará Gásà ló ti jẹ́ ogúnléndé kí oṣù Kẹwàá 2023 tó dé. Ní oṣù náà, Hamas, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso Gásà nígbà náà, àti àwọn tó bá wọn lọ pa nǹkan bí 1,200 èèyàn ní Ísírẹ́lì, wọ́n sì kó 251 lọ ní ìgbèkùn. Nínú ogun tí Ísírẹ́lì wá gbé ja Gásà, nǹkan bí 1.9 mílíọ̀nù èèyàn ni wọ́n lé kúrò nílé, àwọn mìíràn lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Lárúbáwá ní orúkọ méjì fún un: laji ni ẹni tó sá kúrò nílẹ̀ rẹ̀, nazih ni ẹni tí wọ́n ń lé kiri nínú rẹ̀. Ọmọ àgọ́ Jabalia tó ń sùn lábẹ́ tapólì ní Mawasi, ní gúúsù Gásà, jẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù Kìíní 2025, tí gbogbo ojú wà ní Gásà, àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn àgọ́ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì, Jenin, Tulkarm àti Nur Shams, nǹkan bí 40,000 sì jáde. Oṣù yẹn náà ni òfin tí Ísírẹ́lì fi dènà UNRWA bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n fẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé wọ́n bá Hamas lọ́wọ́ sí ìkọlù náà. Ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan ní ó ṣeé ṣe kí 9 lọ́wọ́ sí i, nínú òṣìṣẹ́ bí 13,000 tó ní ní Gásà. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì.

Ọjọ́ iwájú ńkọ́? Àdéhùn Oslo láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn Palẹ́sítínì, ní 1993, sún ọ̀rọ̀ ogúnléndé sẹ́yìn pátápátá, pẹ̀lú ti Jerúsálẹ́mù. Ní ìpàdé Taba, ní Íjíbítì, ní 2001, wọ́n sọ ọ́ díẹ̀, àsìkò tán. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Brítéènì, Faransé àti Kánádà kéde pé àwọn gba Palẹ́sítínì gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Nàìjíríà ti ṣe é láti 1988. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìdùnnú ránṣẹ́ sí ẹnjiníà mi ní Shatila. Ó ní ó dára, òun dúpẹ́, àmọ́ abúlé màmá àwọn wà ní Gálílì, nínú Ísírẹ́lì. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbà yẹn kò dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, ó tún pè mí. Ó ń kọ fọ́ọ̀mù iṣẹ́ kan ní Jámánì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó dé ibi tí wọ́n ti ń bèèrè orílẹ̀-èdè ẹni. Lẹ́bánónì wà níbẹ̀: òun ló fún un ní ìwé ìrìnnà, ṣùgbọ́n bó bá mú un, irọ́ ni. Palẹ́sítínì wà níbẹ̀: wọ́n á bèèrè páàsìpọ́ọ̀tù tí ìjọba Palẹ́sítínì ní Ramallah ń fúnni, kò ní in. Ẹ̀kẹta ni "ẹni tí kò ní orílẹ̀-èdè", ó ní bí màmá bá gbọ́, ilé ò ní gba àwọn méjèèjì.

Ó ní, "Bùrọ̀dá, èwo ni kí n mú?"

Mo ní kó fún mi títí di àárọ̀, kí n bi ọ̀jọ̀gbọ́n mi.