Kí ẹ tó sanwó ìdánwò CHP

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ka físíìsì nílé, tí ẹ wá ń ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà, ìbéèrè tí ẹ máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé dìgírì mi á tó?" Mo mọ bó ṣe ń ká yín lára, torí ibẹ̀ ni ọkàn tèmi náà wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ nígbà tí mo ń lépa CHP (Certified Health Physicist), ìwé ẹ̀rí àwọn amọṣẹ́ ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán (radiation), ni pé dìgírì kọ́ ló sábà máa ń dá èèyàn dúró. Irú iṣẹ́ téèyàn ti ṣe ni.

American Board of Health Physics ló ń fúnni ní CHP. Dìgírì àkọ́kọ́ nínú sáyẹ́ǹsì tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó ka bayọ́lọ́jì náà lè wọlé, bí físíìsì àti kẹ́mísírì bá pọ̀ tó nínú transcript rẹ̀. (Ẹ tètè kọ̀wé sílé fún transcript yẹn o, kì í tètè dé.) Lẹ́yìn dìgírì, ó ku ọdún 6 lẹ́nu iṣẹ́ ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán, ó kéré tán 3 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ààbò tí ẹ ń fi ìmọ̀ náà ṣe lójú iṣẹ́ (applied health physics). Màsítà nínú ẹ̀ka yìí lè dúró fún ọdún 1, PhD fún 2.

Ibi tí wàhálà wà ni ohun tí wọ́n ń kà sí iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú ọsibítù tí wọ́n ti ń fún aláìsàn ní iodine-131, oògùn tó ń tú ìtànṣán jáde, nítorí jẹjẹrẹ thyroid (ẹ̀yà ara kan ní ọrùn). Ọjọ́ 8 ni agbára iodine náà fi ń dín sí ìdajì. Ẹnì kan gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán wọ yàrá, ó ka nọ́ńbà, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ ta ló pinnu bí nọ́ọ̀sì ṣe lè pẹ́ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ta ló ṣírò ìgbà tí aṣọ bẹ́ẹ̀dì yẹn tó ṣeé kó jáde? Ìpinnu bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tó ń fúnni ní CHP ń wá. Torí náà, ẹ bẹ ọ̀gá yín pé kó jẹ́ kí ẹ máa ṣe ìṣirò náà, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, torí wọn á béèrè ìròyìn iṣẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín kọ, àwọn tó mọ iṣẹ́ yín á sì jẹ́rìí sí i.

Apá kìíní ìdánwò kò nílò kí ọdún 6 yẹn pé. Ẹ ṣe é nígbà tí ohun tí ẹ kà ní yunifásítì ṣì wà lórí yín. Apá kejì ló le jù: ìṣirò tí ẹ máa kọ jáde ní ìpele-ìpele ni, kì í ṣe ká yan A tàbí B.

Ẹni tí kò ní dìgírì, ìwé ẹ̀rí NRRPT (National Registry of Radiation Protection Technologists) wà fún un. Ìwé sẹ́kọ́ńdírì àti ọdún 5 lẹ́nu iṣẹ́ ló fi ń wọlé. Mo bẹ yín, ẹ má fojú kéré rẹ̀; wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un ní àwọn iléeṣẹ́ iná nuclear.

Ẹ̀yin tó ń gbèrò àtipadà sílé, NNRA (Nigerian Nuclear Regulatory Authority) ló láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà, láti ara òfin ọdún 1995. CHP kò lè dípò ohun tí àwọn ń béèrè.

Ẹni tó bá sì ti gba CHP, ẹ máa kó ìwé gbogbo ìdálẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ bá lọ pa mọ́, torí ọdún mẹ́rin-mẹ́rin la máa ń tún un ṣe.