Omi adágún ti fà sẹ́yìn

Mo dé etí adágún láàárọ̀ yìí, àyà mi já. Omi ti fà débi pé kùkùté tí a máa ń so ọkọ̀ mọ́ ti wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Àwọn ihò roboto tó wà lójú ẹrẹ̀ ló dá mi dúró. Wọ́n fẹ̀ tó àwo ìjẹun, wọ́n sún mọ́ra, etí wọn ti ń sán. Ibùsùn epìyà ni. Akọ ló ń fi ẹnu gbẹ́ ẹ níbi tí omi ò ti jìn, kí abo lè yé ẹyin síbẹ̀, kó tó kó wọn sẹ́nu. Gbogbo iṣẹ́ yẹn ti gbẹ sínú oòrùn. Ó dùn mí wọra.

Omi tó kù lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ti di àwọ̀ ewé. Ẹja ń yọ ẹnu sókè, wọ́n ń mí hẹlẹ, torí omi tó gbóná kì í gba ọ́síjìn dúró tó omi tútù, ìdájí ló sì máa ń burú jù. N ò ju àwọ̀n rárá. Ọkàn mi ò gbà á.

Ẹ̀yin apẹja, ṣé omi tiyín náà ń fà báyìí? Ṣé ẹ ti rí ibùsùn epìyà lórí ilẹ̀ gbígbẹ rí?