Sátidé lóko ẹ̀fọ́ Ìbá

Ìparí oṣù Ẹrẹ́nà. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo dé oko ẹ̀fọ́ ẹ̀bá ọ̀nà LASU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó) sí Ìbá, láti wo ẹyẹ. Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ lóru, ewédú ń dán. Mi ò tíì gbé awò sójú tí mo ti ń gbọ́ elúlùú, tu-tu-tu-tu, bí ẹmu tó ń dà lẹ́nu akèrègbè. Mo wá a títí nínú koríko. Ìrù dúdú rẹ̀ nìkan ni mo rí.

Bàbá tó ń dá ebè àárín ti ń roko. Lékeléke mọ́kànlá ló tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ibi tí ọkọ́ bá ti ta yẹ̀pẹ̀, tata á fò, ọrùn funfun á nà tẹ̀ lé e.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Àwọn ẹyẹ yìí ò tiẹ̀ bẹ̀rù yín?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, lébìrà mi ni wọ́n. Wọn kì í gbowó."

Méjì nínú wọn ti ń pọ́n lórí àti láyà, bíi pé epo ta sí wọn lára: ìgbà tí wọ́n ń yé ẹyin ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Tí òjò bá ti múlẹ̀, wọ́n á gba òkè Ọya lọ, ó di ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí a wà ní kékeré, èékánná funfun la máa ń tọrọ lọ́wọ́ wọn. A ò béèrè rí pé níbo ni wọ́n ń lọ.

Wọ́n ti da iyanrìn sí àbàtà ìsàlẹ̀ oko. Lóṣù tó kọjá, mo rí ẹyẹ ọlọ́mọ-ìka-gígùn tó ń rìn lórí ojúoró níbẹ̀ láìrì. Lónìí, ipa táyà ló kù. Ó dùn mí dọ́kàn.

Ìdí ọ̀pẹ ẹ̀gbẹ́ kànga ni mo ti pẹ́ jù. Àwọn ẹ̀gà ti ya imọ̀ rẹ̀ títí ó fi ku ọ̀pá. Akọ kan, orí dúdú, ojú pupa, ń hunlé: ó fi ẹsẹ̀ di ọ̀pá mú, ó fi ẹnu ti fọ́nrán ewé wọlé, ó fà á yọ lódìkejì, ó tún dá a padà. Lẹ́yìn náà ó sorí kodò sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọn apá, ó ń pariwo. Abo kan wọlé, ó fẹnu fa nǹkan wò, ó jáde, ó fò lọ. Ilé tí abo ò bá gbà, tó bá ti gbẹ, akọ fúnra rẹ̀ ló máa tú u palẹ̀, tí á hun òmíràn. Ti eléyìí ṣì tutù.

Lọ́la, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo fẹ́ padà lọ wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.