Ẹ gbìyànjú Elm wò

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbìyànjú Elm wò, èdè tí wọ́n fi ń kọ áàpù orí wẹ́ẹ̀bù, tí Evan Czaplicki gbé jáde ní 2012. Áàpù tí mò ń ṣe fáwọn tó ń ra kòkó, tí wọ́n bá ti fi orúkọ àgbẹ̀ tuntun kún un, ìlà tuntun gbọ́dọ̀ yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mi ò sì ní láti máa pàṣẹ pé gbé tibí kúrò, fi tọ̀hún síbẹ̀, fọ́ńṣọ̀n tó ń jẹ́ view ló ń gba model (ìyẹn dátà tí áàpù ní lọ́wọ́) tó sì ń sọ bójú ìwé ṣe máa rí, List.map lórí orúkọ wọn, kó sọ orúkọ kọ̀ọ̀kan di ìlà kan, ó parí! Tí model bá yí padà, Elm fúnra ẹ̀ á fi tuntun wé ti tẹ́lẹ̀, ibi tó yàtọ̀ nìkan ló máa tún ṣe, ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn o. Ti fóònù kékeré ńkọ́? onResize, tó máa ń sọ fún áàpù tí ìwọ̀n ojú ìwé bá yí padà, ló ń bá mi gbé ìbú ẹ̀ wá sínú model, view á wá yan column (kí nǹkan tò wálẹ̀) dípò row (kí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn).