Ẹ bá mi dúpẹ́, mi ò kú sí ìgboro Òṣogbo

Àlùhámúdùlílàhì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ látìgbà tí mo ti ń gbé fọ́tò bàtà eléruku mi síbí, ẹ ti rí i pé mo dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè tí mi ò gbé fóònù, ẹ má bínú. Àwọn kan ti ń ròyìn ọ̀rọ̀ yìí káàkiri bó ṣe wù wọ́n, pé eré sísá ni mo fi ń wá ikú kiri. Èmi tí ooru gbé ṣubú lójú eré ìje ò tíì kú, ẹ jẹ́ kó tẹnu mi jáde.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé a fẹ́ lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ ní Òṣogbo, gbogbo ilé pátá. Àwọn ọmọ fẹ́ rí ọ̀bọ inú Igbó Òṣun, Dádì wọn fẹ́ sùn, Ìyá wa sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Òkè-Baálẹ̀. Èmi nìkan ni mo níṣẹ́ níbẹ̀: háàfù máráthọ̀n, kìlómítà 21 ó lé díẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún un, ẹ̀yin náà rí mi.

Aago 6:30 àárọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa la ti wà lójú ìlà. A dúró títí. Wọ́n ní àlejò pàtàkì tó máa fọn fèrè ò tíì dé. Ẹ sì wò ó o, oṣù kẹta la wà. Ẹni tó bá mọ oṣù kẹta nílẹ̀ wa mọ̀ pé tó bá ti di aago mẹ́jọ, oòrùn ò mọ àgbà mọ́. Òjò tún rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ilẹ̀ wá ń tu ooru sókè. Irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, òógùn kì í gbẹ lára, ó kàn ń ṣàn lọ ni, òógùn tí ò bá sì gbẹ ò lè tu ara. Nígbà tí ọ̀gá wa dé, ó sọ̀rọ̀, wọ́n ya fọ́tò, ó tún sọ̀rọ̀. Aago mẹ́jọ ti kọjá kó tó fọn fèrè. Ó fọn ọ́n tán, ó padà sínú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ọlọ́run á tẹ́ yín lọ́rùn, sà.

Ìbẹ̀rẹ̀ dùn. A sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Fìà, a gba Ọláìyá, a gba Alékùwodò, àwọn èèyàn ń pariwo pé, “Àǹtí oníhíjáàbù, ẹ ò ní ṣubú o!” Omi wà lórí tábìlì nígbà yẹn. Nígbà tó yá, tábìlì nìkan ló kù. Ọmọkùnrin kékeré kan tí wọ́n fi sídìí rẹ̀ ń wolẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ti tán.” Ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí àwọn tó ṣáájú ti mu dànù kún ilẹ̀. Tábìlì kejì, bákan náà. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, kò sí ẹni tó sọ pé ìyẹn ti tán.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù títí di ìsinsìnyí kì í ṣe ibi tí mo ti ṣubú. Kí n tó ṣubú ni. Mo ti kọjá Station Road, mo ń sún mọ́ ọjà Ìgbọ̀nà, mo kàn yà kúrò láàárín àwọn tá a jọ ń sáré. Mo dá ọlọ́kadà kan dúró, mo ní kó gbé mi lọ Mọ́kọ́lá, èló ni. Mọ́kọ́lá! Mọ́kọ́lá tiwa ní Ìbàdàn yìí o! Ọkùnrin náà ní, “Àǹtí, níbo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?” Mo bínú sí i, mo ní ṣé kì í ṣe ọmọ ìgboro ni. Lójú tèmi, kò sóhun tó ń ṣe mí. Òtútù ló tiẹ̀ ń mú mi nínú oòrùn yẹn. Ọpọlọ mi ti kúrò níbẹ̀, kò sì dágbére fún mi. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Wọ́n ní mo kúnlẹ̀, mo wó lulẹ̀, ara mi ń gbọ̀n. Èrò bò mí. Ẹnì kan ní wárápá ni, kí wọ́n wá ṣíbí tí wọ́n máa fi ya ẹnu mi. Ẹnì kejì ní epo pupa ni kí wọ́n rọ sí mi lẹ́nu, ẹnì kẹta ní mílíìkì agolo. Alàgbà kan ti ń lé ẹ̀mí èṣù jáde lára mi. Arákùnrin kan sì yọ fóònù, ó ń ká mi sílẹ̀. Mo ti rí fídíò náà, ẹ ṣeun. Ìwọ tó o ká a, ọwọ́ tó o fi gbé fóònù yẹn ì bá ti bu omi.

Ìyá ẹlẹ́ja ló fọwọ́ tì wọ́n sẹ́yìn. Ó fọwọ́ kan ọrùn mi, ó kígbe pé, “Iná ń jó lára ọmọ yìí! Ẹ gbé ṣíbí yẹn kúrò! Ẹ má fún un ní nǹkan kan lẹ́nu!” Ó ké sáwọn obìnrin ọjà, wọ́n tú ìró àwọ̀lékè wọn, wọ́n fi yí mi ká bí ògiri. Ìgbà tí kò sí ọkùnrin tó lè rí mi mọ́ ni wọ́n tó bọ́ híjáàbù mi, wọ́n ń da píọ́ wọ́tà lé mi láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹnì kan ń fi páálí fẹ́ mi. Ó rán ọmọ rẹ̀ lọ sídìí fírísà. Ẹja kótè tó ti dì gbagidi ni wọ́n gbé wá. Ó ki ẹja sí mi lábíyá méjèèjì, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn mi, ó fi sí mi láàárín itan. Èyí tó bá ti ń yọ́, ó máa fa á yọ, ó máa ki òmíràn bọ̀ ọ́.

Oníkẹ̀kẹ́ Màrúwà kan ní ẹ jẹ́ ká sáré gbé e lọ ọsibítù. Ìyá ní kò lọ síbì kan. Ó ní, “Tẹ́ ẹ bá gbé e báyìí, ooru yìí á ti sè é jinná lójú ọ̀nà.” Nígbà tí mo padà lọ bi í pé ta ló kọ́ ọ, ó ní àbúrò òun ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ nídìí ààrò búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣubú, wọ́n gbé e sínú mọ́tò, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ wà lọ́nà. Kò sọ ìyókù. Mi ò sì bi í.

Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ni òórùn ẹja. Mo lajú, ojú kótè kan là sílẹ̀ rangandan lórí èjìká mi. Ìyá ní, “Kí lorúkọ ẹ? Ìlú wo lo wà?” Mo dárúkọ mi. Mo ní Òṣogbo. Wọ́n ní ariwo tí àwọn obìnrin yẹn pa, àwọn tó wà nídìí ẹran gbọ́.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé mi lọ ọsibítù. Pẹ̀lú gbogbo ẹja yẹn, ara mi ṣì kọjá 39 lórí tẹmómítà. Dókítà ní kò sí àní-àní pé ó ti kọjá 40 nígbà tí mo ṣubú, àti pé tí ara bá ti gbóná tóyẹn tí ọkàn èèyàn tún ń ṣìnà, ọpọlọ, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ló wà nínú ewu. Ó ní láàárín ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti rọ ooru ara yẹn wálẹ̀, kí wọ́n tu ara náà ná kí wọ́n tó gbé e. Ìtọ̀ mi dúdú bíi Coke. Wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n tún un gbà, nítorí iṣan tí ooru bá bà jẹ́ lè dí kíndìnrín pa. Èsì ìkẹyìn ti jáde: kíndìnrín ń ṣiṣẹ́, ẹ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́. Àlùhámúdùlílàhì lẹ́ẹ̀kan sí i!

Àwọn ọmọ mi wà lójú ìlà ìparí ní gbogbo àkókò yìí pẹ̀lú páálí tí wọ́n kọ orúkọ mi sí. Nọ́ńbà fóònù baálé mi tí mo kọ sẹ́yìn nọ́ńbà àyà mi ni wọ́n fi rí i pè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sáré, ẹ máa kọ ọ́, ẹ má gbọ́kàn lé fóònù.

Ẹ wá jẹ́ kí n kí àwọn èèyàn mi. Àgbàlagbà kan nínú ẹbí wa (ẹ mọ̀ ọ́n, mi ò dárúkọ) ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí kí omi tó tán lára mi, pé òun ti wí i, pé obìnrin Mùsùlùmí kì í sáré lójú títì, Ọlọ́run ló fi hàn mí yẹn. Ẹ gbọ́, bàbá. Ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n gbé sórí bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí tèmi, ààbọ̀ ṣòkòtò ló wọ̀, kò wé híjáàbù, ooru kan náà ló gbé e. Kí ló fi han òun? Ìyá wa, tí mo rò pé àwọn gan-an ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, fèsì gbólóhùn kan péré: “Ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀, ẹ̀yin tí àkàsọ̀ ilé yín ń mú lóòógùn.” Gbogbo ìkànnì dákẹ́. Mo ti fi èsì yẹn pa mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣètò eré ìje, tí àlejò pàtàkì ò bá tíì dé, ẹ jẹ́ kí ọmọdé kan fọn fèrè. Ẹ ra yìnyín, ẹ gbé agbada ńlá olómi tútù sí ojú ọ̀nà, kò wọ́n tó pátákó tẹ́ ẹ ya àwòrán yín sí. Tí ẹ̀yin tó kù bá rí ẹni tó ń sáré nínú oòrùn tó ń sọ kántankàntan, ẹ má rò pé ó mutí. Ẹ da omi lé e, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ wá ohun tútù sí abíyá rẹ̀, kí ẹlòmíràn pe ọsibítù. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó wà, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu, ó máa gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Baálé mi lọ sanwó ẹja. Ìyá ka iye tó bàjẹ́, ó gba owó rẹ̀ pé, kò gba kọ́bọ̀ lé e. Dádì wọn ń bẹ̀ ẹ́, ó ní owó ẹja lòun tà, òun ò ta omi. Ló bá mú ṣàwá, ó fi ṣe èènì, ó ní kí wọ́n fi sebẹ̀ fún mi kó ta díẹ̀.

Dókítà ní kí n má tíì sáré, kí n fún ara láyè, lẹ́yìn náà kí n máa fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá mo máa padà sójú títì, ẹ dúró, ẹ máa rí fọ́tò bàtà.

Sàráà mi di Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, nílé wa. Ìyá ẹlẹ́ja ń bọ̀ láti Òṣogbo pẹ̀lú àwọn tó tú ìró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wí i àtẹ̀yin tẹ́ ò wí i, gbogbo yín lẹ lè wá. Kótè la máa fi jẹ ìrẹsì, kí ẹnikẹ́ni má bi mí léèrè ẹran.